Ìmọ́lẹ̀ tí Iyọ̀ Ń Pa

Ẹnu Àwáwù ni wọ́n fi mú Jacob. Gbogbo ẹni tó pé síwájú ilé ìjọba ìbílẹ̀ ní Ẹdẹ lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀ náà ló gbọ́ ọ. Ó gbójú kúrò lára ihò páálí, ó ní, "Kò tàn," sójà méjì sì ki bàbá náà lápá mú. Ọ̀rọ̀ méjì péré. Àwọn àgbà ní ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Ti Àwáwù kò rí ilẹ̀ bọ́ sí, orí Jacob onílé-oògùn ló bà lé.

Olùkọ́ kẹ́mísírì ni Àwáwù nílé ìwé girama kan lójú ọ̀nà Àkódá. Nígbà tí òun fúnra rẹ̀ ń kàwé níbẹ̀, tí owó epo rọ̀bì ṣì ń dún lápò ìjọba, ará Íńdíà kan ló kọ́ wọn. Nígbà tí ìlú le, ọkùnrin náà palẹ̀ mọ́, ó gba ilé rẹ̀ lọ, ó sì fi tọ́ọ̀ṣì kékeré kan ta Àwáwù lọ́rẹ. Tọ́ọ̀ṣì yìí kò wúlò fún ẹni tó fẹ́ rìn nínú òkùnkùn. Iná rẹ̀ ṣú, àwọ̀ elésè-àlùkò ni, o ò lè fi wá abẹ́rẹ́ tó bọ́. Iṣẹ́ tirẹ̀ yàtọ̀: bó bá bà lára àwọn nǹkan kan, àwọn nǹkan ọ̀hún ni yóò máa tan ìmọ́lẹ̀ tara wọn. Aṣọ funfun tí wọ́n fi Ómò fọ̀ á máa tàn. Ata ilẹ̀ pupa tí wọ́n rẹ sínú ọtí líle á tan bí ewé tuntun. Kuníìnì, oògùn ibà kíkorò tí gbogbo wa mọ̀, bí wọ́n bá yọ́ ọ sínú omi ásíìdì, á tan búlúù bí ojú ọ̀run lẹ́yìn òjò.

Ní àsìkò tí mò ń wí yìí, sójà ló ń ṣèjọba, ọwọ́ ńlá sì ti fún ìlú lọ́rùn. Owó oṣù tísà a máa pẹ́ títí ènìyàn á fi gbàgbé pé òun ń ṣiṣẹ́. Ẹni tí kò rí mílíìkì á fi kúlíkúlí mu gaàrí, ẹni tí kò rí táyà tuntun á rán èyí tó ya. Oògùn pàápàá kò yọ sílẹ̀. Àwọn ìkà ẹ̀dá ń rọ ẹfun bíi tábúlẹ́ẹ̀tì, wọ́n ń tà á fún ẹni tí ibà ń pa lọ. Ni ìjọba bá rán Kápútéènì Akínwálé wá pé kó wá gbógun ti oògùn ayédèrú lágbègbè wa. Ibi tí wọ́n ti ń yẹ oògùn wò jìnnà, epo mọ́tò kò sí, àwọn ará ìlú sì sọ fún un pé tísà kan wà tó ní iná tí kì í purọ́.

Àwáwù fi dúdú ìdí ìkòkò kun inú páálí mílíìkì kan títí ó fi ṣú bí inú kànga, ó dá ihò ìyojú sí i lára. Ní Ọjọ́bọ̀ kọ̀ọ̀kan, wọ́n á kó oògùn ọlọ́jà wá síwájú rẹ̀. Yóò yọ́ tábúlẹ́ẹ̀tì sínú ásíìdì, yóò gbé ìgò sínú páálí, yóò tan tọ́ọ̀ṣì. Kápútéènì á wò ó, olóògùn á wò ó, lẹ́yìn náà àwọn ará ìlú á tò, wọ́n á máa yọjú lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń wo ìyàwó tuntun. Kúlúsúmù tó ń ta aṣọ òkìrìkà lẹ́bàá Ọjà Tìmì kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣáájú òun. Òun náà ló máa ń kéde fún àwọn tó wà lẹ́yìn pé ó ń tàn, bí ẹni pé òun ló tan án.

Kí ló wá dé tí ti Jacob kò tàn? Ásíìdì tí ará Íńdíà fi kọ́ Àwáwù, sọ́fúríìkì ni. Lọ́jọ́ tó kan Jacob, ìgò sọ́fúríìkì ilé ìwé ti gbẹ kanlẹ̀, kò sì sẹ́ni tó máa fi òmíràn ránṣẹ́. Ásíìdì kejì ló kù nínú kọ́bọ́ọ̀dù, irú èyí tí wọ́n ń fi iyọ̀ ṣe, tó wà nínú ikùn ọmọ ènìyàn. Àwáwù wò ó, ó wo aago, ó rántí pé gbogbo ayé ló ń mánéèjì. "Ásíìdì náà ni ásíìdì," ó sọ fún ara rẹ̀, ó sì gbé e dání. Obìnrin yìí kò ní fi ọ̀dà kun ọ̀gbẹ́ nítorí pé iódíìnì tán o, ṣùgbọ́n ọjọ́ tí nǹkan bá máa ṣe ènìyàn, ọgbọ́n tirẹ̀ ní í kọ́kọ́ sá.

Ọjọ́ kẹta tí wọ́n ti Jacob mọ́lé, Deborah ìyàwó rẹ̀ wá sílé Àwáwù. Díákónì ni Jacob ní ìjọ Onítẹ̀bọmi, ó ti ń ta oògùn ní Òkè Gàdá kí Àwáwù tó mọ ọwọ́ ọ̀tún yàtọ̀ sí òsì, ọmọ mi ló sì máa ń pè é. Àwáwù rò pé ìyá náà wá bá òun jà. Ó kúnlẹ̀ kí i, ó gbé àga fún un. Deborah kò jókòó.

"Ìyá Fawziyah, mi ò bá ọ jà wá," ó ní. "Ìbéèrè kan ni mo gbé wá. Agolo kuníìnì tí o ní kò tàn yẹn, ṣé o mọ̀ pé inú rẹ̀ ni bàbá ti bu ti Fawziyah, nígbà tí ibà gbé ọmọ yẹn dè?"

"Mi ò mọ̀, Mà."

"Ó yá. Ṣé ẹfun ló wo ọmọ rẹ sàn?"

Ojú Àwáwù lọ sórí kọ́bọ́ọ̀dù. Deborah wò ó títí, ó ní wọ́n ti sọ fún òun pé ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni wọ́n máa gbé ọkọ òun lọ sí Ìbàdàn, síwájú àwọn adájọ́ sójà, níbi tí lọ́yà kì í ti í rẹ́nu sọ̀rọ̀. Ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru ń bẹ lára bàbá náà. Lẹ́yìn náà ó fa gèlè rẹ̀ le, ó sì lọ.

Tábúlẹ́ẹ̀tì tó ṣẹ́ kù nínú ti Fawziyah ṣì wà lórí kọ́bọ́ọ̀dù, nínú bébà tí Jacob fi dì í. Ìdí ìgò ásíìdì ni ọkàn Àwáwù ti kọ́kọ́ lọ, bẹ́ẹ̀ ni kò fẹ́ kó lọ síbẹ̀. Ó gba ọ̀dọ̀ ọkùnrin tó ń ṣájì bátìrì mọ́tò lọ, ó tọrọ omi bátìrì díẹ̀. Sọ́fúríìkì ni omi bátìrì. Gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn ni Àwáwù fi ń kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù ọkùnrin náà. Ó délé, ó pa fèrèsé dé, ó fi omi là á, ó yọ́ tábúlẹ́ẹ̀tì kan sínú rẹ̀, ó tan tọ́ọ̀ṣì.

Ó tàn. Búlúù náà kún inú ìgò débi tó fi hàn lára ọwọ́ rẹ̀. Ó kán ásíìdì ilé ìwé sínú rẹ̀, ìmọ́lẹ̀ náà rẹ̀ sílẹ̀. Ó yọ́ òmíràn, ó bu iyọ̀ ìdáná sí i, ìyẹn náà kú fin-ín. Kuníìnì wà níbẹ̀ o, kò lọ síbì kankan, kò dín ní agbára. Ohun tó wà nínú iyọ̀ ló wà nínú ásíìdì yẹn, òun ló ń pa á lẹ́nu mọ́. Oògùn tó dáa ni, omi tí wọ́n gbé e sí ni kò jẹ́ kó sọ̀rọ̀. Àwáwù jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ yàrá.

Àtàndá ọkọ rẹ̀ gbọ́ gbogbo rẹ̀ láìjá a lẹ́nu. Wọ́n ti dá a dúró lẹ́nu iṣẹ́ láti ọdún tó kọjá, ilé ló ń gbé, ó sì ti di ẹni tí í ro nǹkan dé ìdí.

"Àwáwù, sójà kì í ṣe tísà," ó ní. "Wọn kì í fa igi sí èyí tí wọ́n ti kọ tẹ́lẹ̀. Bí o bá lọ sọ pé o ṣì í, wọ́n á ní o ti gbowó lọ́wọ́ Jacob. Wọ́n á kó ẹ̀yin méjèèjì pọ̀."

"Bí mo bá dákẹ́ ńkọ́?"

"Wọ́n á gbé e lọ Ìbàdàn."

"Àbí ẹ ò rí i, Bàbá Fawziyah. Adìẹ bà lókùn."

Àtàndá kò parí òwe náà fún un. Wọ́n jọ mọ̀ pé ara kò ní í rọ okùn, ara kò sì ní í rọ adìẹ.

Àwáwù lọ bá Kápútéènì lọ́jọ́ kejì, òun àti páálí rẹ̀. Ọkùnrin náà kò le lójú, ó máa ń rẹ́rìn-ín, ó sì máa ń fi ẹ̀yin àti ẹ̀yin bá a sọ̀rọ̀. Àwáwù fi búlúù hàn án, ó bu iyọ̀ sí i, ó fi òkùnkùn hàn án. Ó ní àṣìṣe òun ni, kí wọ́n ṣàánú, kí wọ́n tú bàbá náà sílẹ̀. Kápútéènì ní kó tún un ṣe. Ó tún un ṣe. Ọkùnrin náà fi ọwọ́ ara rẹ̀ bu iyọ̀ sí ìkẹta, ó yọjú lójú ihò náà pẹ́ títí, nígbà tó sì gbé orí sókè, ó ní kí sójà tó wà lẹ́nu ọ̀nà jáde.

"Ta ló tún mọ èyí?"

Àwáwù rántí Àtàndá. "Èmi nìkan ni, sà."

"Ìyẹn ni pé oògùn kan náà, bí mo bá fẹ́ kó tàn, á tàn. Bí mi ò bá fẹ́, kò ní tàn."

"Kì í ṣe bẹ́ẹ̀, sà. Èyí tí kò tàn yẹn, irọ́ ni."

"Mo gbọ́." Ó rẹ́rìn-ín. Ó ti gbàgbé ẹ̀yin rẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà. "Jacob á lọ sílé lọ́la. Ìwọ á máa bọ̀ ní Ọjọ́bọ̀ bí o ti ń bọ̀, ìgò méjì ni o máa gbé wá. Èyí tó ń pa iná, fi ọmọrí pupa dé e. Èyí tó ń tan án, fi dúdú. Bí mo bá fọwọ́ kan fìlà mi, pupa ni."

Àwáwù ní òun kò lè ṣe é. Kápútéènì bi í pé ẹnu ta ni wọ́n fi mú Jacob, ó sì ní yàrá símẹ́ǹtì ẹ̀yìn ilé tí bàbá náà wà, ó gba ènìyàn méjì. Ohùn rẹ̀ kò ga rárá. Àwáwù rò pé bí òun bá ti lè gba Jacob sílẹ̀ ná, òun á rí ọgbọ́n dá sí ìyókù. Bẹ́ẹ̀ ni ẹja ṣe ń rò nínú ìgèrè, ibi tó gbà wọlé ló rò pé òun á gbà jáde.

Wọ́n tú Jacob sílẹ̀ lóòótọ́. Ó ti gbẹ, irùngbọ̀n rẹ̀ ti funfun sí i. Ilé Àwáwù ló kọ́kọ́ yà kó tó dé ṣọ́ọ̀ṣì, òun àti Deborah, pẹ̀lú iṣu àti adìẹ.

"Wọ́n ní ìwọ lo ní kí wọ́n tún un yẹ̀ wò," ó ní. "Ọlọ́run á wo tìrẹ náà lẹ́ẹ̀mejì, ọmọ mi."

Ó yẹ kí Àwáwù jẹ́wọ́ níbẹ̀, kò sì jẹ́wọ́. Òótọ́ kì í ṣòro sọ fún ọ̀tá. Ẹni tó gbé adìẹ wá kí ọ lẹ̀rù rẹ̀ ń bani. Ó ní, "Ẹ ṣeun, Bàbá," ó gba adìẹ náà, ó so ó mọ́ ìdí àga, kò sì lè pa á.

Ní Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀ lé e, wọ́n mú olóògùn kan wá láti Awo, ọ̀dọ́mọkùnrin tó mú agolo rẹ̀ dání bí ẹni tí kò ní ohun tó ń bẹ̀rù. Kápútéènì fọwọ́ kan fìlà. Àwáwù ṣí ìgò ọlọ́mọrí pupa. Ó gbọ́ tí Kúlúsúmù ń kéde fún àwọn tó wà lẹ́yìn pé kò tàn o, ti ará Awo kò tàn, ó sì rí bí ojú ọmọkùnrin náà ṣe yí padà. Àwáwù kò jẹun lálẹ́ ọjọ́ náà. Ìtìjú mú un débi tí kò fi lè wo Fawziyah lójú.

Kápútéènì ti rí ọ̀nà ọjà. Àwọn tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lọ ń fowó rí i ní kọ̀rọ̀, tiwọn a sì máa tàn. Ó ránṣẹ́ sí Jacob náà pé kó wá rí òun. Jacob ránṣẹ́ padà pé wọ́n ti yẹ oògùn òun wò lẹ́ẹ̀mejì, kò sí ohun tí òun fẹ́ wá rí. Bó bá tó ìgbà kẹta, iná Tísà Àwáwù á gbẹnu sọ fún òun. Deborah ló ròyìn èyí fún Àwáwù lọ́jà, tẹ̀ríntẹ̀rín. Inú Àwáwù bà jẹ́. Ìgbẹ́kẹ̀lé bàbá yìí ló máa pa á, ọwọ́ òun ni wọ́n sì máa gbé ọ̀bẹ náà sí.

Ó rò ó títí. Bí òun bá kọ̀ láti lọ, wọ́n á ti òun mọ́lé, wọ́n á sì fún sójà kan ní ìgò pupa. Bí òun bá lọ pariwo, ta ni yóò gbọ́ ohun tí kò yé e? Iyọ̀ àti iná, àlọ́ ni lójú ẹni tí kò rí i. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló ń padà wá sí i lọ́kàn: ta ló tún mọ èyí? Gbogbo agbára ọkùnrin yẹn, inú ìbéèrè yìí ló wà. Àwáwù kò ní ìbọn, kò ní ẹnì kankan nínú ìjọba. Kíláàsì ló ní.

Ó sọ fún àwọn ọmọ kíláàsì tó ga jù pé kí olúkúlùkù wọn bu iyọ̀ díẹ̀ bọ̀ láti ilé ìdáná ìyá rẹ̀ ní Ọjọ́bọ̀, kí wọ́n sì sọ fún ìyá wọn pé kẹ́mísírì ni wọ́n fẹ́ fi ṣe. Ní àárọ̀ ọjọ́ náà, ó gbé páálí kalẹ̀ lórí tábìlì. Ó fi búlúù hàn wọ́n, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn bu iyọ̀ tirẹ̀ sí i, ọ̀kọ̀ọ̀kan fojú ara rẹ̀ rí bó ṣe kú. Ó fi ìgò pupa hàn wọ́n àti dúdú, ó ṣàlàyé ohun tó pa wọ́n pọ̀ àti ohun tó yà wọ́n. Kò dárúkọ Jacob, kò dárúkọ sójà. Iṣẹ́ tí ìjọba ní kó máa ṣe náà ló ṣe. Nígbà tí wọ́n lu agogo ìsinmi, ó rán wọn lọ sílé pé kí wọ́n lọ sọ ohun tí wọ́n kọ́, nítorí ohun tí ọmọ bá lè ṣàlàyé fún ìyá rẹ̀ ni ọmọ mọ̀.

Lọ́sàn-án, wọ́n mú Jacob wá. Kò bínú, kò gbọ̀n. Ó bọ fìlà kí Àwáwù. Kápútéènì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì, ó sì fọwọ́ kan fìlà tirẹ̀. Àwáwù ṣí ìgò ọlọ́mọrí pupa, ó yọ́ oògùn Jacob sínú rẹ̀ lójú gbogbo ènìyàn, ó gbé e sínú páálí, ó tan tọ́ọ̀ṣì. Kápútéènì yọjú. Jacob yọjú. Ó gbé orí sókè, ó wo Àwáwù bí ẹni pé òun ni kò mọ bí wọ́n ṣe ń wò ó.

"Kò tàn," Àwáwù wí. Lẹ́yìn náà ó gbóhùn sókè. "Ẹ̀yin ará, ìgò pupa ni mo lò."

Àwáwù di etí tábìlì mú. Ó rò pé òun ti tán, pé kò sí ìyá kankan tó bi ọmọ rẹ̀ léèrè ohun tó fi iyọ̀ ṣe.

"Pupa kẹ̀?" Kúlúsúmù ni. Ojú ihò páálí ló wà gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀. "Tísà, pupa kọ́ ni ọmọ mi ní ó ń pa á, bí iyọ̀ ṣe ń pa á? Kí ló dé tí ẹ ò lo dúdú fún Bàbá?"

"Ọmọ tèmi náà sọ bẹ́ẹ̀," obìnrin kan wí lẹ́yìn. Òmíràn ní tòun fi odidi iyọ̀ ọbẹ̀ òun ṣòfò níbi tó ti ń ṣàlàyé rẹ̀ fún òun. Ọ̀rọ̀ náà ń lọ láti ẹnu dé ẹnu, wọ́n sì ń sún mọ́ tábìlì.

Kápútéènì tẹ orí sún mọ́ etí Àwáwù. "Ta lo sọ fún?"

"Ọmọ ni mo kọ́, sà," Àwáwù wí. "Iṣẹ́ mi nìyẹn."

Ó ṣí ìgò dúdú láìsí ẹni tó rán an, ó yọ́ oògùn Jacob sínú rẹ̀, ó gbé e sínú páálí. Kúlúsúmù kò dúró de ẹnikẹ́ni, ó yọjú, ó sì kéde fún ìlú pé ó ń tàn. Kápútéènì wo èrò yẹn, ó wo àwọn sójà rẹ̀ tí wọn kò pọ̀. Ó ní ó dáa, ìgò ló ṣe àṣìṣe, kí bàbá máa lọ sílé. Bí ó bá parí síbẹ̀ ni, ìbá dùn. Ṣùgbọ́n Kúlúsúmù kò tíì kúrò nídìí páálí.

"Ti ará Awo ńkọ́, Tísà? Ìgò wo lẹ lò?"

"Pupa ni."

Jacob, tó ti ń dé fìlà rẹ̀, dúró. Ó yí padà sí i. "Tèmi àkọ́kọ́ ńkọ́, ọmọ mi?"

Àwáwù lè purọ́ níbẹ̀. Kò sẹ́ni tó máa já a.

"Pupa ni, Bàbá. Dúdú tán nílé ìwé. Mo rò pé bákan náà ni wọ́n. Nígbà tẹ́ ẹ gbé adìẹ wá, mo ti mọ̀."

Deborah fọwọ́ bo ẹnu. Kápútéènì ní kí wọ́n gbọ́ fúnra wọn, Tísà ló fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́, ó sì ní kí àwọn sójà mú un. Àwọn ènìyàn ń bèèrè ará Awo lọ́wọ́ Kápútéènì, wọn kò sì fẹ́ kúrò lọ́nà, ṣùgbọ́n sójà kan ti di Àwáwù lápá mú ní ibi tí wọ́n ti di Jacob mú rí.

Tọ́ọ̀ṣì ṣì ń jó nínú páálí. Jacob tọwọ́ bọ inú rẹ̀, ó pa á, nítorí bátìrì wọ́n. Ó nu ún lára agbádá rẹ̀, ó rìn títí dé ẹ̀gbẹ́ mọ́tò sójà tí wọ́n ti gbé Àwáwù sí, ó sì fi tọ́ọ̀ṣì náà hàn án kó lè rí i pé ọwọ́ òun ló wà.

"Màá bá ọ tọ́jú rẹ̀," ó ní. "Yàrá yẹn tutù lápá ògiri. Àárín ni kí o máa sùn sí."